Àìná Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ya ojú ènìyàn

Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, láti Issaba títí dé Sakété, ta ni kò mọ iṣẹ́ àwọn agbẹ́gi tó ń gbẹ́ ère gẹ̀lẹ̀dẹ́? Síbẹ̀, ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé aláwọ̀ dúdú kò lè fi ọ̀dà ya ojú ènìyàn kí ó jọ ẹni náà. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan ló fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ já irọ́ yìí.

Àìná Onabolu ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1882 ni wọ́n bí i. Kò sí olùkọ́ tó kọ́ ọ ní àwòrán yíyà nígbà èwe rẹ̀. Àwòrán inú ìwé àwọn òyìnbó ni ó ń wò, tí ó sì ń yà títí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ iṣẹ́ náà. Ó di akọ̀wé ìjọba ní Èkó. Ní 1906, ó ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, àwòrán náà sì wà lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ tí a mọ̀ jù.

Ní Yúróòpù, òdòdó inú ìkòkò ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán fi ń kọ́ ọwọ́. Òdòdó kì í béèrè owó. Van Gogh pàápàá ya òdòdó púpọ̀ ní Parísì ní 1886, nígbà tí kò rí owó san fún ẹni tí yóò jókòó kí òun lè yà á. Ojú ènìyàn ni Onabolu yàn ní tirẹ̀, ó sì le ju òdòdó lọ. Bí ewé òdòdó bá wọ́, ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n bí imú ìyàwó bá wọ́, ọkọ rẹ̀ yóò mọ̀.

Ní 1920, Onabolu lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ó padà dé ní 1922, ó rọ ìjọba pé kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní àwòrán yíyà. Ó ń ti ilé-ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ wọn bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré lójú, tí ohun tó súnmọ́ sì ń tóbi. Ẹ̀kọ́ yìí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, débi pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ ọ́ lórúkọ.

Iṣẹ́ náà pọ̀ ju agbára ẹnìkan lọ. Ó béèrè olùrànlọ́wọ́, Kenneth Murray sì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ní 1927. Èrò àwọn méjèèjì kò bára mu. Òyìnbó ni ó fẹ́ kí àwọn ọmọ tẹ̀lé iṣẹ́ ọnà àwọn baba wọn. Onabolu, ọmọ ilẹ̀, ni ó fẹ́ kí wọ́n mọ ti òyìnbó dájú. Èyí lè yà wá lẹ́nu lónìí, ṣùgbọ́n òun ni wọ́n ti sọ fún pé irú rẹ̀ kò lè ṣe é.

Ó kú ní 1963, nígbà tí àwòrán yíyà ti di ẹ̀kọ́ ní àwọn ilé-ìwé gíga Nàìjíríà.