Anna Hinderer, Ìyá Àwọn Ọmọ Kúdẹtì

Láàrin àwa Yorùbá, ẹni tí ó tọ́ ọmọ kò kéré sí ẹni tí ó bí i. Ìyá ni àwọn méjèèjì. Báyìí ni Anna Hinderer, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí kò bímọ rárá, ṣe di ẹni tí wọ́n ń pè ní Ìyá ní Ìbàdàn.

Ní 1853 ni òun àti David ọkọ rẹ̀, ọmọ Jámánì, gbé ìhìnrere dé ìlú náà. Olóyè Olúnlọ́yọ̀ọ́ fi ọmọ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé e lọ́wọ́. Kò pẹ́ tí ilé wọn ní Kúdẹtì fi kún fún ọmọ, títí kan àwọn tí a rà padà lóko ẹrú. Ó ń kọ́ wọn ní ìwé, orin àti aṣọ rírán. Ó ń bọ́ wọn, ó sì ń tọ́jú aláìsàn.

Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Èkó dí, owó kò sì wọlé mọ́. Tọkọtaya yìí ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ lè jẹun. Ẹ̀wà díẹ̀, epo àti ata ni wọ́n fi ń gbéra. Ẹni tí ó ń bọ́ ọmọ onílé wá di ẹni tí onílé ń ràn lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ní 1865, Glover tí ó ń ṣàkóso Èkó rán àwọn ènìyàn gba inú igbó wá mú un jáde. Síbẹ̀, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ní 1866. Àìlera ló lé e kúrò pátápátá ní 1869. Ó kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870, ní ẹni ọdún 43.