Marcus Brutus: Ọ̀dàlẹ̀ tàbí Olùgbèjà Ìlú?

Nínú ìtàn Róòmù àtijọ́, agbára káká ni ènìyàn fi lè rí ẹni tí àríyànjiyàn pọ̀ lórí rẹ̀ tó Marcus Junius Brutus. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló mọ̀ ọ́n nípasẹ̀ Julius Caesar, eré-onítàn tí William Shakespeare kọ ní nǹkan bí ọdún 1599. Ẹni tó bá ka ẹ̀dà eré náà tí àlàyé wà nínú rẹ̀ yóò rí i pé ìwé Plutarch, òǹkọ̀wé Gíríìkì, tí Thomas North yí sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1579, ni Shakespeare gbára lé. Ṣùgbọ́n ìgbé ayé Brutus gbòòrò ju ohun tí orí ìtàgé lè gbà lọ.

Nǹkan bí ọdún 85 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n bí i sí ìdílé olókìkí. Àwọn ará Róòmù gbà pé Lucius Junius Brutus, ẹni tí ìdílé náà ń pè ní baba ńlá wọn, ló ṣíwájú àwọn tó lé ọba ìkẹyìn kúrò nílùú ní 509. Láti ìgbà náà ni orúkọ ọba ti di èèwọ̀ létí wọn. Ọmọdé ni Brutus nígbà tí ọ̀gágun Pompey pa bàbá rẹ̀ ní 77. Servilia ni ìyá rẹ̀. Cato, olóòótọ́ tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, sì jẹ́ iyèkan ìyá rẹ̀.

Ọ̀mọ̀wé ni Brutus. Cicero, àgbà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kọ ìwé ní orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, kò mọ́ láìlábàwọ́n. Ó yá àwọn ará Salamis ní erékùṣù Kípírù lówó pẹ̀lú èlé ìdá 48 nínú 100 lọ́dún, nígbà tí Cicero, gómìnà agbègbè náà, kò fàyè gba ju ìdá 12 lọ.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní 49, Brutus gbè sẹ́yìn Pompey tó pa bàbá rẹ̀, nítorí ó gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òfin ìlú wà. Caesar ṣẹ́gun ní Pharsalus ní 48, ó dárí ji Brutus, ó fi ṣe gómìnà ní 46, ó sì tún gbé e sí ipò adájọ́ àgbà ní 44. Ní ọdún 44 kan náà, wọ́n sọ Caesar di aláṣẹ títí ayé. Ẹ̀rù ba ọ̀pọ̀ àwọn ìgbìmọ̀ pé ọba ti fẹ́ padà dé. Cassius, ọkọ àbúrò Brutus, fà á wọ inú ọ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹta, àwọn bí i 60 tó dìtẹ̀ náà gún Caesar pa ní gbọ̀ngàn tí Pompey kọ́. Ojú ọgbẹ́ 23 ni wọ́n kà lára rẹ̀.

Brutus kò gbà kí wọ́n pa Antony mọ́ Caesar, ó sì fàyè gba ìsìnkú ní gbangba. Níbi ìsìnkú náà ni inú ti bí àwọn ará ìlú, àwọn apànìyàn sì sá. Brutus kó ogun jọ ní ìlà-oòrùn. Ó tẹ owó fàdákà tó ní àwòrán ọ̀bẹ méjì àti fìlà òmìnira, ṣùgbọ́n ojú òun fúnra rẹ̀ ló wà ní iwájú owó náà, ìwà ọba gan-an tí wọ́n kà sí Caesar lọ́rùn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 42, Cassius pa ara rẹ̀ ní Fílípì, ní agbègbè Makedóníà. Lẹ́yìn bí i ogúnjọ́, wọ́n ṣẹ́gun Brutus, òun náà sì ṣubú lé idà.

Ohun tó tìtorí rẹ̀ pànìyàn kò bọ́ sí i. Ní 27, Octavian di Augustus, ó sì di olú-ọba Róòmù àkọ́kọ́. Dante fi Brutus sí ẹ̀gbẹ́ Júdásì ní ọ̀run àpáàdì; Shakespeare fi í hàn bí ẹni ọlá tí èrò rere ṣì lọ́nà. Julius Nyerere náà yí eré yìí sí èdè Swahili ní 1963. Yorùbá gbà pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Brutus bá ilẹ̀ lọ lóòótọ́. Ilẹ̀ tó dà ni ìjà ṣì wà lé lórí: ti ọ̀rẹ́ tó dárí jì í ni, tàbí ti ìlú tí ìbá dà bí ó bá dákẹ́?