Solomon Carter Fuller: Ọmọ Monrovia tó wo inú ọpọlọ láti mọ orísun àìsàn ìgbàgbé

Bí àgbàlagbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé orúkọ ọmọ tó bí, tó ń béèrè ọ̀nà ilé nígbà tó jókòó sínú yàrá ara rẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ará ilé máa ń sọ ni pé ó ti ń ṣarán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń wá ẹni tí wọn yóò di ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ní ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Monrovia, olú ìlú Liberia, wà lára àwọn ènìyàn díẹ̀ lágbàáyé tó fi ojú ara wọn rí ohun tó ń bàjẹ́ nínú ọpọlọ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀.

Solomon Carter Fuller ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ní Lakpazee tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Monrovia lónìí lè ti gbọ́ orúkọ Alzheimer lórí rédíò láìmọ̀ pé ọmọ ìlú òun bá dókítà tó ni orúkọ náà ṣiṣẹ́.

Ta ni Solomon Carter Fuller?

Ọjọ́ 11, oṣù Kẹjọ, ọdún 1872 ni wọ́n bí i. Ẹrú ni bàbá bàbá rẹ̀, John Lewis Fuller, ní Virginia, ní Amẹ́ríkà, kó tó fi owó ra òmìnira ara rẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Ní ọdún 1852, ìdílé náà wọkọ̀ ojú omi lọ sí Liberia. Bàbá Solomon ní oko kọfí, ó sì tún ṣiṣẹ́ ìjọba. Ní ti ìyá rẹ̀, Anna Ursula James, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ajíhìnrere tó ń ṣiṣẹ́ ìṣègùn, òun fúnra rẹ̀ sì dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ti kàwé.

Ní ọdún 1889, Solomon fi Monrovia sílẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà tí bàbá bàbá rẹ̀ ti sá kúrò. Ó kàwé ní Livingstone College ní North Carolina, ó sì gba oyè dókítà ní Yunifásítì Boston ní ọdún 1897. Láti ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Westborough, ní Massachusetts. Iṣẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni láti yẹ òkú àwọn aláìsàn wò, kó sì wá ohun tó pa wọ́n.

Iṣẹ́ tí kò wu ọ̀pọ̀ ènìyàn nìyẹn, ṣùgbọ́n òun ló sọ ọ́ di ẹni ńlá. Ní ọdún 1904, ó lọ sí Munich ní Jámánì, níbi tí Alois Alzheimer ti ń ṣe ìwádìí lábẹ́ Emil Kraepelin. Alzheimer yan Fuller mọ́ àwọn àjèjì díẹ̀ tí yóò máa ràn án lọ́wọ́.

Kí ni wọ́n ń wá nínú ọpọlọ?

Ní àkókò náà, àwọn onímọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe lè gé ọpọlọ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì fi omi fàdákà kùn ún, kí fọ́nrán tínrín inú sẹ́ẹ̀lì lè dúdú, kó sì hàn lábẹ́ maikirosikóòpù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ló ń gbé iṣẹ́ fún ara wọn. Ẹ wo ọ̀nà tí ohùn ń gbà: bó bá ti wọ etí, iṣan á gbé e lọ sí ìdí ọpọlọ, láti ibẹ̀ yóò gòkè dé thalamus ní àárín ọpọlọ. Bí oníbodè ni thalamus rí. Àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ló ń gba ohùn náà, tí wọ́n sì ń tari rẹ̀ sí awọ ọpọlọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, níbi tí ariwo ti ń di ọ̀rọ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà yìí, etí lè gbọ́ síbẹ̀ kí ọ̀rọ̀ má yéni.

Ohun tí Fuller ń rí nínú ọpọlọ àwọn tó ṣarán ni fọ́nrán tó lọ́ mọ́ra wọn nínú sẹ́ẹ̀lì, àti èérí tó dì káàkiri láàárín sẹ́ẹ̀lì. Àwọn onímọ̀ tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ti rí irú àmì kan náà nínú thalamus, títí kan apá tó ń gba ohùn wọlé.

Fuller gbé ìwádìí rẹ̀ lórí àwọn fọ́nrán náà jáde ní ọdún 1907, èyí tó dá lórí èérí ọpọlọ arúgbó sì tẹ̀lé e ní 1911. Ní 1912, ó kó gbogbo ẹjọ́ àìsàn Alzheimer tí àwọn dókítà ti kọ sílẹ̀ jọ, ó fi ti aláìsàn kan tí òun fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò kún un, ó sì tú púpọ̀ nínú wọn sí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó ṣe irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú rẹ̀. Kò sì gba gbogbo ohun tí àwọn ọ̀gá sọ. Ọ̀pọ̀ dókítà ìgbà náà gbà pé gígan iṣan ẹ̀jẹ̀ ló fa àìsàn náà, ṣùgbọ́n Fuller ní ohun tí òun rí lábẹ́ maikirosikóòpù kò fi bẹ́ẹ̀ hàn.

Ìdí tí orúkọ rẹ̀ fi fara sin

Ní ọdún 1909, nígbà tí Sigmund Freud wá sọ̀rọ̀ ní Yunifásítì Clark ní Worcester, Fuller wà nínú àwòrán tí àwọn ọ̀mọ̀wé náà jọ yà. Ọdún yẹn kan náà ló gbé Meta Vaux Warrick níyàwó, oníṣẹ́ ọnà tó ti kọ́ bí a ṣe ń mọ ère ní Paris. Wọ́n kọ́lé sí Framingham, àwọn aládùúgbò kan sì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Tọkọtaya náà kò kúrò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tọ́ ọmọkùnrin mẹ́ta.

Èyí tó dùn ún jù wá láti ibi iṣẹ́. Fún nǹkan bí ọdún márùn-ún, Fuller ló ń darí ẹ̀ka ìmọ̀ iṣan ọpọlọ ní Yunifásítì Boston láìjẹ́ pé wọ́n fún un ní orúkọ ipò náà. Nígbà tó di 1933, wọ́n fi aláwọ̀ funfun tí ipò rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ ṣe olórí. Fuller fi iṣẹ́ sílẹ̀. Oyè ọ̀jọ̀gbọ́n àfẹ̀yìntì tí wọ́n fún un lẹ́yìn náà kò lè dípò ohun tí wọ́n fi dù ú.

Ṣáájú ìgbà náà, ó ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ dókítà aláwọ̀ dúdú tó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì ní Tuskegee, ní Alabama. Lára ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni bí wọn yóò ṣe mọ àìsàn syphilis tó ti wọ ọpọlọ, kí wọ́n má baà pe aláìsàn bẹ́ẹ̀ ní wèrè lásán.

Àìsàn àtọ̀gbẹ gba ojú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1940, ojú tó ti fi wo ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Meta pa iṣẹ́ ère mímọ tì láti tọ́jú rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 16, oṣù Kíní, ọdún 1953, ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé ìtọ́jú ọpọlọ kan ní Boston. Ní Framingham, níbi tí àwọn aládùúgbò ti fọwọ́ sí ìwé nígbà kan, wọ́n fi orúkọ òun àti Meta sọ ilé ẹ̀kọ́ kan.