Ìrìn Àjò Ọmọ Odò-Ọwá

Ọmọdé tí a bí ní abúlé, tí kò tí ì kọjá odò ìlú rẹ̀ rí, kì í gbàgbé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ kúrò nílé. Ẹ̀rù a máa bà á, inú rẹ̀ a sì máa dùn. Yóò di ìjókòó mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, yóò máa wo igi ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí wọ́n ti ń sáré lọ sẹ́yìn. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀ ni yóò tó rántí ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ojú irin ti dé Òṣogbo ní ọdún 1907, àìmọye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìlú náà ti gbà ní àlejò, láti Òkè Baálẹ̀ títí dé àdúgbò ibùdókọ̀ rélùwéè. Àwọn kan wá kọ́ ìwé, àwọn kan wá kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, àwọn mìíràn sì wá bá ẹbí gbé kí wọ́n lè máa ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ilé. A kò kọ orúkọ púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ níbìkan. Ọ̀kan nínú wọn ni a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ níhìn-ín, nítorí pé gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó wá mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà sí Wòlíì Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá.

Ní ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1904 ni a bí i ní Odò-Ọwá, ìlú kékeré kan ní ìhà Ìlọ́fà, ní apá ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Dáfídì Rótìmí ni orúkọ bàbá rẹ̀, Mátà Tàlàbí sì ni orúkọ ìyá rẹ̀. Onígbàgbọ́ ni àwọn méjèèjì. Bàbá rẹ̀ jẹ́ bàbá ìjọ nínú ìjọ C.M.S. ìlú náà. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ kan tí a tún lè sọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ju pé ó dàgbà bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń dàgbà ní àárín àwọn àgbẹ̀, ó sì ń gbọ́ orin ìyìn ní ọjọ́ ìsinmi.

Ní ọdún 1914 ni ó kúrò nílé. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì so ilẹ̀ Àríwá àti ti Gúúsù pọ̀ di Nàìjíríà kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n kí ni ó kan ọmọ bí ọdún mẹ́wàá nínú èyí? Ohun tí ó kàn án ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, M. O. Rótìmí, tí í ṣe olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ní ìjọ C.M.S. ní Ẹbúté-Mẹ́ta, fẹ́ mú un lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó lè kàwé.

Ní ayé ìgbà nì, ẹni tí ó bá ń ti ìhà Ìlọ́fà lọ sí Èkó, ẹsẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi rìn. Ọ̀nà tóóró ni, ẹrù ń bẹ lórí, oúnjẹ ọ̀nà ń bẹ nínú àpò, ìrìn náà sì ju ti ọjọ́ kan lọ fún ẹsẹ̀ ọmọdé. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtura ni Ọ̀fà, nítorí pé ojú irin ti dé ibẹ̀ ní ọdún 1908. Níbẹ̀ ni ọmọ abúlé yóò ti fojú kan ohun tí ó ti ń gbọ́ ìròyìn rẹ̀: ẹ̀rọ dúdú tí ń mí hẹlẹ bí ẹṣin tí ó sáré dé, tí iná ń jó nínú ikùn rẹ̀, tí ó sì so ilé mọ́ ilé sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ìlẹ̀kẹ̀. Bí ó bá fọn fèrè, ewúrẹ́ á sá, ọmọdé á sá. Nínú ọkọ̀ náà, ẹni tí ó bá yọ orí síta lójú fèrèsé, èédú wẹ́wẹ́ ni yóò kó sí i lójú. Bí ọkọ̀ bá sì ti dúró ní ibùdó kan, àwọn obìnrin á kó ẹ̀kọ àti àkàrà wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọn á máa polówó, wọn á sì máa sáré tẹ̀ lé e nígbà tí ó bá tún ṣí. Ìkìrun, Òṣogbo, Ẹdẹ, Ìwó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta: bẹ́ẹ̀ ni orúkọ àwọn ìlú yóò máa bọ́ sí etí ọmọ tí kò mọ̀ ju Odò-Ọwá lọ, títí òórùn omi ọ̀sà yóò fi kan imú rẹ̀.

Babalọlá kò dá lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó mú un lọ. Òun kọ́ ni ó yan ọ̀nà, òun kọ́ ni ó sì yan ibi tí a ń lọ. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sí ọkàn.

Ọ̀tọ̀-Àwórì, ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì, ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Kò tí ì mọ ilẹ̀ ibẹ̀ tán tí a fi gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kúrò lọ sí Aràròmí-Obù, ọmọ náà sì di ẹrù rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn èyí, ó tún lọ sí ilé-ìwé Mẹ́tọ́díìsì ní Àgò-Ìjàyè ní Ẹbúté-Mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ ti yí ilé-ìwé padà rí mọ bí ó ti rí. Olùkọ́ tuntun kò mọ ohun tí o ti kọ́. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń fi ohùn rẹ ṣe yẹ̀yẹ́. Ìwé tí a ń kà níhìn-ín kì í ṣe èyí tí a kà lọ́hùn-ún. Èmi kò rí ẹ̀bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí a ń gbé kiri lẹ́nu iṣẹ́ kò ní ipá lórí ara rẹ̀, ká má tíì sọ lórí ọmọ tí ó ń tọ́. Ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ jẹ ọmọ náà: ìgbà gbogbo ni ó ń bẹ̀rẹ̀, kò sì rí àyè parí.

Níkẹyìn, ó dé Òṣogbo, ó wọ ilé-ìwé All Saints, ó sì kàwé dé Sítáńdáàdì kẹrin níbẹ̀. Òṣogbo ìgbà náà kì í ṣe ibi tí ọmọkùnrin lè gbé kí ó má rí ayé. Ojú irin ti sọ ọ́ di ojúkò òwò. Àwọn ilé ìtajà òyìnbó dúró síbẹ̀, kòkó àti ekùrọ́ ń wọlé láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, aṣọ àti iyọ̀ ń jáde lọ. Àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ ní àwìn láti abúlé dé abúlé, ń gba ibẹ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù wọn. Ẹni tí ó bá wọ rélùwéè láti Èkó tí ó ń lọ sí Iléṣà, Òṣogbo ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀, kí ó tó wá ohun tí yóò gbé e lọ ní nǹkan bí ogún máìlì tí ó kù.

Ibẹ̀ ni ìwé Babalọlá parí sí. Ó kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, kò sì pẹ́ nídìí rẹ̀ tí ó fi gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ P.W.D., ẹ̀ka ìjọba tí ń la ọ̀nà. Wọ́n ń ṣe ọ̀nà mọ́tò láti Ìgbàrà-Òkè wá sí Iléṣà ní ìgbà náà, òun sì di awakọ̀ katakata, ẹ̀rọ ńlá tí a fi ń tẹ ọ̀nà kí ó lè tẹ́jú. Iná ni a ń dá sí ikùn ẹ̀rọ yìí, omi inú rẹ̀ a sì hó, ooru omi náà ni ó ń yí àgbá irin ńlá tí ó fi ń rìn. Kì í yára. Ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn lè kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ó bá ti kọjá, lọ́rì lè gba ibẹ̀. Ọmọ tí a ti ń gbé kiri láti ìgbà èwe wá di ẹni tí ń tẹ́ ọ̀nà fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì ń gba owó oṣù ní àkókò tí ẹni tí ń gba owó oṣù kò pọ̀. Ní Odò-Ọwá, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òbí fi ń yangàn.

Nínú oṣù kẹwàá ọdún 1928 ni gbogbo rẹ̀ yí padà. Ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ sọ ni pé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, oorun kò kun òun. Ní ọjọ́ kan, nítòsí Ìkẹ́jì-Arákejì, katakata náà dá dúró. Ó tú u, ó tò ó, kò ṣiṣẹ́. Bí ó ti ń bá a jà ni ó gbọ́ ohùn kan tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó sì pàṣẹ fún un pé kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ó lọ wàásù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí òpin ọdún náà. Onígbàgbọ́ yóò ka èyí sí ìpè Ọlọ́run. Ẹlòmíràn lè sọ pé àárẹ̀ ara ni. A kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Èyí tí kò ní iyàn nínú ni pé ọ̀gá rẹ̀ tí í ṣe òyìnbó gbìyànjú láti dá a dúró, kò gbà. Ó kọ ìwé, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Láti ọjọ́ tí ó ti jáde ní Odò-Ọwá, ẹ̀gbọ́n ni ó ń mú un lọ, ìjọba ni ó ń rán an lọ. Èyí ni ìrìn àjò kìíní tí òun fúnra rẹ̀ pinnu, kò sì sí ẹnìkan tí ó gbà á nímọ̀ràn láti lọ.

Ilé ni ó sì gbà lọ. Àjò kò lè dùn kí onílé má re ilé, ṣùgbọ́n bí ó ti wọ ìlú kò rí bí ẹnikẹ́ni ti retí. Ó fi màrìwò ọ̀pẹ sára, ó fi eérú kun ara, ó ń kígbe pé kí gbogbo ènìyàn ronú pìwà dà nítorí ibi tí ń bọ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí a rán lọ sí Èkó láti kàwé, tí a gbọ́ pé ó ń wa ẹ̀rọ ìjọba, tí a ń retí kí ó gbé àpótí aṣọ wálé. Wọ́n ní ó ti ya wèrè. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba ní Ìlọrin, wọ́n mú un, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún dá a sílẹ̀. Ó ń bá ìwàásù lọ. Ní ìparí ọdún 1929, ó tún lọ sí Èkó, níbi tí àwọn aṣáájú ìjọ Faith Tabernacle ti rì í bọmi nínú ọ̀sà.

Ní oṣù keje ọdún 1930, àwọn aṣáájú ìjọ náà péjọ sí Òkè-Oòyè ní Iléṣà láti yanjú aáwọ̀ tí ó wà láàrin wọn. Babalọlá wà níbẹ̀. Ìròyìn tí ó jáde láti ibẹ̀ ni pé ó gbàdúrà fún òkú ọmọ kan, ọmọ náà sì jí. Iná ọ̀rọ̀ náà ràn. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, ènìyàn kò rí ibi fi ẹsẹ̀ tẹ̀ sí ní Òkè-Oòyè. Abirùn wá, afọ́jú wá, àgàn wá. Wọ́n gbé ìgò àti akèrègbè lọ́wọ́ láti gba omi tí ó gbàdúrà sí. Àwọn aláìsàn ilé ìwòsàn Wẹ́sílì ní Iléṣà dín kù gidigidi, èyí sì kọ ìjọba lóminú. Mo rò pé kò burú tí ó fi kọ wọ́n lóminú, nítorí ibi tí ogunlọ́gọ̀ bá gbé péjọ, àìsàn lè ti ara ọ̀kan dé ara èkejì.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Púpọ̀ nínú wọn rìn. Àwọn lọ́rì náà kó ènìyàn débi pé wọ́n ń rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn wọn. Ẹni tí ó bá ń ti Èkìtì tàbí Àkúrẹ́ bọ̀, ọ̀nà Ìgbàrà-Òkè ni yóò gbà, ọ̀nà tí Babalọlá fi katakata tẹ̀. Ẹni tí ó bá sì wọ rélùwéè wá láti ìsàlẹ̀, ojú irin Òṣogbo ni yóò bá dé, níbi tí òun ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn.

Lẹ́yìn Iléṣà, kò tún jókòó sí ojú kan mọ́. Ó dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ó dé ọ̀pọ̀ ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá, ó sì kọjá lọ sí ilẹ̀ Gold Coast tí ó di Gánà lẹ́yìn náà. Ní ọdún 1932, ìwàásù rẹ̀ nípa àwọn àjẹ́ kó o sí wàhálà, a sì fi í sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà ní Bìní. Ìjọ tí ó ti inú iṣẹ́ òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ni a wá mọ̀ sí Christ Apostolic Church, tí a fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ní ọdún 1943.

Ẹdẹ ni ikú ti bá a ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje ọdún 1959. Ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni. Ẹdẹ kò jìnnà sí Òṣogbo. Ojú irin kan náà ni ó gba ìlú méjèèjì kọjá. Wọ́n gbé e lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ibẹ̀ ni wọ́n sì sin ín sí.

Ní Ìkẹ́jì-Arákejì, ìlú tí katakata ti dá dúró nítòsí rẹ̀ ní ọdún 1928, ìjọ náà dá Yunifásítì kan tí ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2006. Ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ ni a ń gbà débẹ̀. Nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ bá wọlé, a ń rí àwọn ọmọ tí wọn kò tí ì dá wọ ọkọ̀ rí kí wọ́n tó dé ibẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà pẹ̀lú àpótí wọn, tí wọ́n dúró díẹ̀, tí wọ́n ń wo ìhà méjèèjì kí wọ́n tó dá títì kọjá.