Charles Kettering: Ẹni Tí Ó Wá Ìrẹ́pọ̀ Láàárín Iná àti Epo

Nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ Amẹ́ríkà àtijọ́, ohun méjì ni kò gbọdọ̀ yapa sí ara wọn. Kabúrétọ̀ ni ó ń po epo bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́. Dísíríbútọ̀ ni ó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì kọ̀ọ̀kan ní àsìkò tí ó yẹ. Bí iná bá yá jù, ẹ́ńjìnnì a máa dún kọ́kọ́kọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, agbára rẹ̀ a dínkù, ara rẹ̀ a sì gbóná. Ìdí nìyí tí a fi rí páìpù tín-ínrín tí ó so kabúrétọ̀ mọ́ dísíríbútọ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa afẹ́fẹ́ lè máa yí àsìkò iná padà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ọkùnrin tí ó fi ìpìlẹ̀ ètò iná yìí lélẹ̀ ni Charles Franklin Kettering.

Ọjọ́ 29, oṣù kẹjọ, ọdún 1876 ni a bí i nítòsí ìlú Loudonville, ní ìpínlẹ̀ Ohio. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ojú tí ń dùn ún dá ẹ̀kọ́ rẹ̀ dúró ní yunifásítì, ó sì fi ìgbà kan ṣe iṣẹ́ wáyà tẹlifóònù. Síbẹ̀ kò sọ̀rètí nù. Ó gba oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná ní ọdún 1904. Ní ìlú Dayton, ó ṣe mọ́tò kékeré tí ó ń ṣí ẹ̀rọ ìgbowó ilé ìtajà láìlo ọwọ́.

Ní ọdún 1909, òun àti Edward Deeds dá ilé iṣẹ́ Delco sílẹ̀. Ètò iná oníbátìrì tí ó ṣe wọ inú ọkọ̀ Cadillac ti ọdún 1910. Lẹ́yìn náà ni ó ṣe mọ́tò tí ń ta ẹ́ńjìnnì jí, èyí tí ó jáde nínú Cadillac ti ọdún 1912. Ṣáájú èyí, irin ni awakọ̀ fi ń yí ẹ́ńjìnnì, irin náà a sì máa ta padà, a ṣẹ́ ènìyàn lápá.

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan dìde. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́kọ́kọ́, àwọn alátakò di ẹ̀bi ru iná oníbátìrì rẹ̀. Kettering kò bá wọn jiyàn. Ó ní kí Thomas Midgley, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wá ìdí ọ̀rọ̀. Ìwádìí fi hàn pé epo ni ó jẹ̀bi, kì í ṣe iná. Wọ́n rí i pé ọtí líle tí a bá pò mọ́ epo lè pa ariwo náà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n rí i ní oṣù kejìlá ọdún 1921 pé èròjà olójé díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ kan náà, òjé ni wọ́n yàn. Epo olójé dé ọjà ní Dayton ní ọdún 1923. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1924, májèlé òjé pa àwọn òṣìṣẹ́ ní New Jersey. Wọ́n dáwọ́ títà rẹ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Síbẹ̀ ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tí ó kẹ́yìn, Algeria, tó ṣíwọ́ títà á fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́.

Kettering ṣe olórí ìwádìí ní General Motors títí di ọdún 1947. Ní ọdún 1945, òun àti Alfred Sloan dá ilé ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ sílẹ̀ ní New York. Ó kú ní ọjọ́ 25, oṣù kọkànlá, ọdún 1958.

Ìgbésí ayé rẹ̀ kọ́ni pé títún ohun kan ṣe kò tó. Ó bá iná àti epo làjà nínú ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n èéfín tí ó ti ibẹ̀ jáde kò bá ọmọ ènìyàn rẹ́.