William Fairbairn àti Agbára Oríkèé Irin

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì, ọdún 1789, ni a bí William Fairbairn ní ìlú Kelso, ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì. Iṣẹ́ oko ni baba rẹ̀ ń ṣe, ìwé tí ọmọ náà kà ní ilé-ẹ̀kọ́ kò sì tó nǹkan. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, a fi í sí ẹnu iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ibi ìwa-èédú kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, ìwé ni ó ń kà, ìṣirò ni ó sì ń kọ́ ara rẹ̀. Ní ọdún 1817, òun àti James Lillie dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Manchester.

Ní ayé ìgbà náà, rífẹ́ẹ̀tì ni a fi ń so irin mọ́ irin. Ìṣó olórí ni. A ó sun ún nínú iná títí yóò fi pọ́n, a ó tì í bọ inú ihò tí a lu sí ara irin méjèèjì, a ó sì fi òòlù lu ìdí rẹ̀ títí yóò fi di orí kejì. Àwọn kan rò pé ibi tí a so pọ̀ yìí kò lè jẹ́ ọ̀lẹ ju irin náà fúnra rẹ̀ lọ.

Fairbairn kò gba èyí gbọ́ láìdán an wò. Ní nǹkan bí ọdún 1838, ó bẹ̀rẹ̀ sí fa irin tí a so pọ̀ títí yóò fi já, ó sì ń kọ agbára tí ó já a sílẹ̀. Ó rí i pé bí agbára odindi irin bá jẹ́ 100, ti oríkèé onílà rífẹ́ẹ̀tì kan kò ju 56 lọ, ti onílà méjì sì jẹ́ 70. Ihò ni ó ń jẹ irin náà run. Bí a bá pín rífẹ́ẹ̀tì sí ìlà méjì, ihò orí ìlà kọ̀ọ̀kan a dín kù, irin tí ó ṣẹ́kù a sì pọ̀ sí i.

Ọ̀ràn ẹ̀mí ni èyí, nítorí rífẹ́ẹ̀tì ni ó so ìkòkò ńláńlá tí a fi ń ho omi fún ẹ̀rọ pọ̀. Bí irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ bá bẹ́, a máa pa òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1854, Fairbairn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Manchester láti máa yẹ̀ wọ́n wò.

Ó kú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, ọdún 1874, ní ẹni ọdún 85. Lónìí, bóòtù àti nọ́ọ̀tì ti gba ipò rífẹ́ẹ̀tì nínú irin ilé àti ti afárá. Síbẹ̀, ẹnjiníà a máa ṣírò ẹrù tí ó lè gé bóòtù, a sì máa yọ ìwọ̀n ihò kúrò kí ó tó mọ ohun tí irin lè gbà. Èyí tí ó kéré jù lọ ni yóò gbẹ́kẹ̀ lé, nítorí ibi tí okùn bá ti fẹ́lẹ́ ni ó ti ń já.