Keir Hardie: Ọmọ tí wọ́n lé níbi iṣẹ́ láì bi í léèrè

Bí wọ́n bá ti já ẹ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ rí láì sọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀, jókòó, ìtàn yìí kàn ẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, nílé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wa ò gbọ́, àwa gan-an ò gbọ́. Ara ògiri la ti ka orúkọ wa. Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ Keir Hardie ti máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Lanarkshire, ní Scotland, ni wọ́n ti bí i ní 1856. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìyá rẹ̀. Kó tó pé ọmọ ọdún 11, ó ti ń jíṣẹ́ fún oníbúrẹ́dì kan ní Glasgow, owó tirẹ̀ nìkan ló sì ń wọlé fún ilé wọn nígbà yẹn. Àbúrò rẹ̀ ń ṣàìsàn, ìyá rẹ̀ wà nínú oyún, òun ló ń ṣọ́ wọn lóru. Ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ lé e dànù, ó sì tún gbẹ́sẹ̀ lé owó ọ̀sẹ̀ kan. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló dé.

Ló bá wọ ihò ìwakùsà èédú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣílẹ̀kùn, kó máa pa á dé nínú òkùnkùn, kí afẹ́fẹ́ lè dọ́dọ̀ àwọn tó ń wa èédú. Nígbà tó dàgbà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi í ṣe agbẹnusọ. Àwọn ọ̀gá lé e, wọ́n lé àwọn àbúrò rẹ̀ méjì mọ́ ọn. Ó bá ń kọ ìròyìn jẹun. Ṣé ẹ rí i, iṣẹ́ wa ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba àwọn tí wọ́n lé!

Ní 1892, ó wọ ilé aṣòfin ní London. Ní 1894, ibi ìwakùsà Albion ní Wales bú gbàmù, èèyàn tó lé ní 250 kú. Ilé fẹ́ kí ìdílé ọba kú oríire ọmọ tuntun. Hardie ní kí wọ́n bá àwọn opó kẹ́dùn pẹ̀lú, wọ́n kọ̀. Ní 1906, ó di olórí àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ Labour nílé aṣòfin. Ó kú ní 1915.

Ní 1992, wọ́n kéde ní Britain pé àwọn fẹ́ ti ibi ìwakùsà 31 pa, iṣẹ́ èèyàn bíi 30,000 ló sì fẹ́ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. Lóṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn adájọ́ ní kò bófin mu, torí wọn ò bá ẹgbẹ́ jíròrò bó ṣe yẹ. Mi ò ní tàn yín: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n padà tì. Àmọ́ ó di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ ṣàlàyé ara wọn.

Níbí náà, abala 20 nínú òfin iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé bí ọ̀gá bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, kó sọ ìdí rẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Mi ò mọ̀ nígbà tí tèmi ṣẹlẹ̀. Mo kó ẹrù mi, mo gbalé lọ. Ẹ̀yin ti wá mọ̀ báyìí. Kẹ́ ẹ tó kó ẹrù tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹgbẹ́ yín bóyá ẹnikẹ́ni sọ fún wọn.